Fọ́tò Ajá Tó Ti Darúgbó: Ẹ Má Jẹ́ Kó Pẹ́ Jù

Nínú fóònù ọ̀pọ̀ ìdílé lónìí, fọ́tò kò lóǹkà. Ti ìsọmọlórúkọ wà níbẹ̀, ti ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ti aṣọ ẹbí tí wọ́n wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n mú fọ́tò ajá tó ti ń ṣọ́ ilé wọn láti ọdún 10 sẹ́yìn wá, ìrù rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, níbi tí wọ́n ti ń ya ẹlòmíì. Ọjọ́ tí ajá náà bá kú ni wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ohun tó kù nílẹ̀ kò ju ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ àti abọ́ tó fi ń jẹun lọ.

Àwọn kan á ní, ṣebí ajá lásán ni. Ẹni tó bá rí ọmọ ọdún 7 tó ti ilé ìwé dé, tí kò rí ajá tó máa ń sáré wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì mọ́, kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀mí ajá kì í gùn tó ti ènìyàn. Ajá ńlá lè ti di àgbà ní nǹkan bí ọdún 7, nígbà tí àwọn kéékèèké lè tó ọdún 10 kí ara wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ológbò tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa nínú ilé lè lo ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí irun ẹnu ajá bá ti ń funfun, tí ẹyinjú rẹ̀ rí bí ẹni pé kùrukùru bò ó, tó sì ń pẹ́ kó tó dìde nílẹ̀, àkókò fọ́tò ti tó.

Ní ọdún 2012, fọ́tò irú ajá bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n yà ní Amẹ́ríkà lọ káàkiri ayé. Schoep ni orúkọ ajá náà, ìpínlẹ̀ Wisconsin ló wà. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà, làkúrègbé sì ti mú oríkèé ara rẹ̀ débi pé àtisùn di ìṣòro fún un. Ẹ̀rù ń ba olówó rẹ̀ pé ọjọ́ tí àwọn máa pínyà kò jìnnà mọ́, ló bá ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ayàwòrán, Hannah Stonehouse Hudson, ya àwọn méjèèjì. Kò gbé ajá lọ sí ilé ìyàwòrán, kò sì wọ aṣọ fún un. Inú adágún ńlá tí wọ́n ń pè ní Lake Superior ni wọ́n ti yà á. Ọkùnrin náà a máa wọ inú omi pẹ̀lú ajá rẹ̀, nítorí pé omi máa ń gbé ara ajá náà fúyẹ́, ìrora á sì rọlẹ̀. Nínú fọ́tò yẹn, ajá ti sùn lọ lé àyà olówó rẹ̀. Nígbà tó dé orí Facebook, àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí fi owó ránṣẹ́ fún ìtọ́jú Schoep. Oṣù Keje ọdún 2013 ni ajá náà kú.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tó ń mú ara tu ajá náà ni wọ́n ń ṣe fún un lọ́wọ́ tí wọ́n fi yà á. Wọn kò tìtorí fọ́tò dá kún ìrora rẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí ajá bá fẹ́ràn láti máa sùn ni kí wọ́n ti yà á, ì báà jẹ́ abẹ́ mọ́tò tàbí ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì. Kí ẹni tó ń yà á jókòó tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kí ojú fóònù bá ojú ajá dọ́gba. Àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nítorí oòrùn ọ̀sán máa ń mú ajá tó ti dàgbà mí hẹlẹhẹlẹ. Kí wọ́n pa iná fóònù. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ajá àti ológbò tó máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, òun ló ń jẹ́ kí ojú wọn máa tàn bí iná nínú fọ́tò. Tí etí ajá bá ti di, kí wọ́n má ṣe ti ẹ̀yìn fọwọ́ kàn án lójijì, kó má baà ta gìrì gé ènìyàn jẹ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó lẹ́ẹ̀kan. Tó bá yí ojú kúrò tàbí tó fẹ́ dìde lọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Kí wọ́n ya ọwọ́ ọmọ lórí ajá náà, kí wọ́n ya ìyá àgbà tó ń bu oúnjẹ fún un, kí wọ́n sì ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá ń gbó àlejò. Ohùn ló máa ń tètè sá kúrò létí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ajá tó ń ṣàìsàn ni ènìyàn ń sún mọ́. Tí ìwà ajá bá yí padà lójijì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé omi mì, tàbí tó ń ṣán ohun tó bá rí, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Kí wọ́n kó ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí wọ́n pe dókítà ẹran, kí wọ́n sì gbàgbé fọ́tò. Ẹni tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Fọ́tò kò sì lè rọ́pò ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ogbó lásán ló ní oògùn tó lè dín ìrora rẹ̀ kù. Yàtọ̀ sí àwọn dókítà ẹran tó wà nígboro, yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Zaria àti Nsukka ní ilé ìwòsàn ẹran.

Tí wọ́n bá yà á tán, kí wọ́n má ṣe fi gbogbo rẹ̀ sínú fóònù kan ṣoṣo. Olè lè jí i, omi sì lè wọ inú rẹ̀. WhatsApp máa ń dín dídán fọ́tò kù, àfi tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document. Kí wọ́n tẹ méjì tàbí mẹ́ta jáde lọ́dọ̀ onífọ́tò, kí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ajá náà, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n yà á sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, ọmọ tó ń sunkún lẹ́nu géètì á lè fi han ọmọ tirẹ̀ pé ajá tó ṣọ́ ilé àwọn nìyí, orúkọ rẹ̀ sì nìyí.