Fáìlì Wa Ò Yẹ Kó Máa Gbé Inú Fúláàṣì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ sí Òmù-Àrán láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lórí ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà. Ìyá àgbà kan jókòó tì mí fún wákàtí kan ààbọ̀, wọ́n ń ròyìn ọjà ìgbà èwe wọn. Inú fúláàṣì ni mo kó o sí. Nígbà tí mo lọ tẹ iṣẹ́ jáde ní Tanke, fúláàṣì kó fáírọ́ọ̀sì, gbogbo fódà di shortcut. Ojú kán mi, mo fọ́máàtì ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kì í sábà pa fáìlì rẹ́, ńṣe ló máa ń fi wọ́n pamọ́. Nígbà tí mo padà dé Òmù-Àrán, wọ́n ti sin ìyá náà.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ká ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀ fún ohùn tí gbogbo wa bá gbà, ká sì so àwọn yòókù mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ wa rò pé láìsí dátà, kọ̀ǹpútà méjì ò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Ráútà tí kò ní kọ́bọ̀ dátà nínú tó o. Ẹ ki wáyà bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ẹ ki orí kejì bọ ráútà. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ohùn, ẹ tẹ fódà náà, ẹ yan Share, kẹ́ ẹ sì fún àwọn yòókù láyè láti kà á nìkan, kí ẹnikẹ́ni má lè pa á rẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà kejì, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ \\ àti orúkọ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Bí kò bá yọjú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Public ni Windows pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn. Ẹ yí i sí Private.

Àwọn kan á ní WhatsApp ńkọ́? Ohùn wákàtí kan ààbọ̀ tó ṣe é fi Praat yẹ̀ wò dáadáa, ní WAV, lè sún mọ́ 480 mẹ́gábáìtì. Ta ló fẹ́ san owó dátà yẹn? Lórí wáyà, kò yẹ kó ju bí ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn kan ni pé wọ́n á jí iṣẹ́ àwọn wò. Ó yé mi. Kí olóhun má gbé tirẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi gboyè, kó sì kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀dà kejì gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn o, torí kọ̀ǹpútà náà ń kú.

Ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde, ohùn tẹ́ ẹ gbà ní Share, ní Pàtẹ́gì, ní Kósúbósú, níbo ló wà báyìí? Ẹ bá wa wo ìsàlẹ̀ àpótí yín. Èmi ní ráútà àtijọ́ kan nílé. Lọ́jọ́ Ajé ni màá gbé e wá.