Odò Kan, Àkọtọ́ Méjì

Ẹ̀yin ònkàwé mi, bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ ó rí odò kan tó jẹ́ ààlà láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Igbó àti ọ̀dàn ló yí i ká, nítorí náà àwọn ará ìlú ńlá kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Okpara ni àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ọ́. Ní ìhà tiwa, Opara ni orúkọ igbó ọba tó wà nítòsí ààlà náà. Orúkọ kan náà ni, nítorí pé ìró tí à ń kọ ní "p" nínú Yorùbá, "kp" gan-an ni.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní òdìkejì, ará Ṣakí àti Ìgànná wà níhìn-ín. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló pín ilẹ̀ náà nínú àdéhùn ọdún 1889 àti ti 1898. Àwọn ni a sì máa ń di ẹ̀bi ìyapa wa rù. Èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìyapa kan wà tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe lẹ́yìn òmìnira. Ní 1974 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní. Ní 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè rẹ̀ kalẹ̀. Ọdún kan péré ló wà láàárín méjèèjì, síbẹ̀ "ẹ" wa ni "ɛ" wọn, "ọ" wa ni "ɔ" wọn, "ṣ" wa ni "sh" wọn, "p" wa sì ni "kp" wọn. Ọ̀pẹ di ɔ̀kpɛ, ẹṣin di ɛshin.

Àwọn kan ní kí wọ́n gba tiwa, nítorí pé tiwa ló pẹ́ jù, òun ló sì ní ìwé jù. N kò fara mọ́ ọn. Àkọtọ́ tiwọn bá ti Fọ̀n àti Bàrìbá tí wọ́n jọ ń gbé mu. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ọmọ tó ń kọ́ ìwé. Ohun tí mo ń fẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀: kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì wa mọ bí a ti ń ka méjèèjì. Ìyàtọ̀ mẹ́rin péré ni. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Bí a kò bá ṣe é, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó bá kọ ìtàn ìlú rẹ̀ sílẹ̀ kò ní rí ẹni kà á lọ́dọ̀ wa, ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn yóò sì ṣàjèjì sí òun náà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí: ẹ fi àkọtọ́ òdìkejì odò kọ orúkọ ara yín.