Ṣé Ẹni Tó Ń Ṣiyèméjì Ti Kúrò Lọ́dọ̀ Ọlọ́run Ni?

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Lẹ́tà kan ló dé sórí tábìlì mi lọ́jọ́ Ajé, mo sì ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Màmá kan tí wọ́n ń ta ẹ̀lùbọ́ ló ní kí ọmọ wọn bá àwọn kọ ọ́. Wọ́n ní ká má dárúkọ àwọn, a ò sì ní í dárúkọ wọn.

Ohun tí Màmá sọ rèé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí dókítà ti sọ fún wọn pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ní kí wọ́n máa lo oògùn lójoojúmọ́. Lọ́dún tó kọjá, wòlíì ìjọ wọn gbàdúrà fún wọn, ó ní àìsàn náà ti lọ pátápátá, ó dá òun lójú bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ó wá kìlọ̀ pé bí wọ́n bá tún gbé hóró oògùn kan mì, iyèméjì nìyẹn, ẹni tó bá sì ń ṣiyèméjì ò ní í rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Màmá ṣe Àmín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, ojú ń ṣú wọn. Ni wọ́n bá lọ ra oògùn náà padà, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sẹ́yìn àpò ẹ̀lùbọ́ ní ìsọ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó ní kọ̀rọ̀.

Ìbéèrè wọn nìyí: “Ọmọ mi, ṣé mi ò ti di alágàbàgebè báyìí? Mò ń ké Halelúyà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń gbé oògùn mì ní ìsọ̀. Ṣé ẹni tí ọ̀rọ̀ ò dá lójú tán lè sọ pé òun gba Ọlọ́run gbọ́?”

Màmá, ọmọ yín ni mí. Oníwèé mẹ́wàá lásán ni mí, n ò lọ sílé ẹ̀kọ́ pásítọ̀, n ò sì ké kéwú. Ṣùgbọ́n mo béèrè, mo kàwé, ọ̀rọ̀ yìí sì ti kàn wá rí nílé wa. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ń ta àdìrẹ, làwọn tó tọ́ mi títí mo fi parí ìwé mẹ́fà. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kan náà ló ṣe wọ́n. Irú àṣẹ yìí kan náà ni wọ́n pa fún wọn ní ìjọ tiwọn. Wọn ò ṣiyèméjì rárá ní tiwọn. Wọ́n kó gbogbo oògùn dà sí ṣáláńgá, wọ́n ń kọrin. Kò pé oṣù mẹ́rin, wọ́n ṣubú lọ́jà, apá kan àti ẹsẹ̀ kan rọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n kú. Níbi ìsìnkú, ẹni tó ní kí wọ́n da oògùn nù dìde, ó ní ìgbàgbọ́ wọn ni ò tó. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó gbọ́ràn tó kú, òun náà ni wọ́n tún dá lẹ́bi. Àtọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kí ọ̀rọ̀ dá èèyàn lójú, ọ̀tọ̀ ni. Kí ó jẹ́ òótọ́, ọ̀tọ̀ ni.

Kì í ṣe òní lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn kan jà káàkiri ayé, ó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn dókítà ò sì ní oògùn tó lè dá a dúró. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Ta ló máa bá wọn wí? Látibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn tó ní àdúrà nìkan làwọn ó fi máa wo àìsàn ti gbèrú. Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, lọ́wọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà làwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì jọ da ọwọ́ pọ̀. Àwọn òyìnbó yìí náà gbà pé àdúrà ń wo àìsàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lo kuiníìnì, oògùn ibà tó korò bí ewúro, kí ibà ẹ̀fọn má baà pa wọ́n. Nígbà táwọn àgbà ìjọ wa gbọ́, wọ́n ní èwo nìyẹn? Ṣé ẹ gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run ni àbí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé hóró oògùn? Ọ̀rọ̀ kuiníìnì yìí wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀, tí ìjọ fi pín sí méjì, tí àwọn kan fi di ìjọ Àpọ́sítélì ti Kírísítì, èyí tá a mọ̀ sí CAC.

N ò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni pé Bíbélì kan náà lápá méjèèjì ń kà, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń ké pè, ó sì dá apá méjèèjì lójú gbangba. Síbẹ̀ ohun tí wọ́n sọ ò bára mu. Bó bá jẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ dáni lójú ti tó ẹ̀rí, báwo ni wọ́n ṣe máa jọ jàre?

Ẹ wá wò ó, Màmá, àwọn ẹni Ọlọ́run gan-an ṣiyèméjì. Tọ́másì ní àfi bí òun bá fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ kí òun tó gbà pé Jésù jíǹde. Jésù ò lé e dànù, ó pè é kó wá fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ rántí Ànábì Ibrahim nínú Súrátù Bákárà, tó ní kí Ọlọ́run fi bó ṣe ń jí òkú han òun. Kì í ṣe pé kò gbà, ó fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ ni. Ọlọ́run ò bínú, ó ní kó lọ mú ẹyẹ mẹ́rin. Nítòsí wa báyìí náà ńkọ́? Mother Teresa tó tọ́jú àwọn òtòṣì ní ìlú Kolkata ní Íńdíà, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979, tó kú ní 1997. Ní 2007 ni wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde, gbogbo ayé wá rí i pé ó lé lógójì ọdún tí ọkàn rẹ̀ fi ṣókùnkùn, tó ń gbàdúrà tí kò gbóhùn. Síbẹ̀ kò fi àwọn aláìsàn sílẹ̀. Ní 2016, ìjọ Páádì kéde pé ẹni mímọ́ ni.

Tèmi ni pé ìdánilójú tó pé bíi ti kọ́ńgò ò sí lọ́wọ́ ọmọ aráyé nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ẹni tó ní Ọlọ́run ò sí náà, kò gòkè ọ̀run lọ wò. Ìgbẹ́kẹ̀lé la ní. Ẹ̀yin ìyá ọjà mọ ìyàtọ̀ yìí jù mí lọ. Ẹ̀ ń dá àjọ lójoojúmọ́. Ẹ fọkàn tán alájọ, ẹ ò sì rí ọkàn rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá gba owó, ẹ máa wo káàdì bóyá ó fàlà sí i. Ṣé àrífín nìyẹn? Alájọ tó bá ń bínú torí pé ẹ wo káàdì, òun gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún.

Bákan náà ló rí nínú ẹ̀sìn. Bí babaláwo bá dá Ifá tán, ó ṣì máa fi ìbò bi í léèrè bóyá ire ni àbí ibi. Àwọn adẹ́tẹ̀ tí Jésù wò sàn, ó ní kí wọ́n lọ fara han àlùfáà, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn ààfáà sì máa ń sọ ìtàn ẹni tó bi Ànábì Muhammad bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀, kí òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ó ní kó kọ́kọ́ so ó mọ́lẹ̀ ná.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi. Wọ́n á ní, “Èmi gba ìwòsàn, ó ṣojú mi.” N ò bá yín jiyàn, ara yín ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lára yín, ẹ má fi búra lórí ẹ̀mí ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kú.

Nítorí náà, Màmá, ẹ ò di alágàbàgebè. Ẹ gbé oògùn yẹn kúrò lẹ́yìn àpò, ẹ gbé e síbi tójú wà, kẹ́ ẹ máa lò ó bí dókítà ṣe wí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, torí náà pé orí ò fọ́ yín kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti lọ. Ẹ lọ síléewòsàn kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Bí Ọlọ́run bá ti wò yín sàn, ẹ̀rọ á fi hàn, dókítà fúnra rẹ̀ ló sì máa sọ bóyá kẹ́ ẹ dín oògùn kù. Ẹ máa gbàdúrà yín lọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé oògùn mì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kẹ́ ẹ tó gbé e mì. Kuiníìnì tí wọ́n torí ẹ̀ jà yẹn, èèpo igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí i. Ta ló dá igi?

Bí wòlíì bá bi yín, ẹ sọ òótọ́ fún un. Bó bá ní iyèméjì ni, ẹ ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo ṣì wà níbí.” Ká ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣiyèméjì díẹ̀ ni, àwọn ni ǹ bá máa kí káàárọ̀ lónìí.

Ẹ̀yin tọ́rọ̀ yìí kàn, ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ta ko èmi náà, ẹ kọ ọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.