Ìwé Tí Kò Sí Lọ́wọ́ Alága Àdúgbò

Nígbà tí ìjì Beryl jà ní Houston lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2024, ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni iná lọ níbẹ̀. Ooru oṣù Keje ní Texas kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, àwọn mìíràn sì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó tún rí iná. Máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí à bá fi mọ àdúgbò tí iná ti dé kò ṣiṣẹ́. Ohun tí àwọn ará ìlú wá ń wò ni áàpù Whataburger, ilé oúnjẹ tó wà káàkiri Texas: ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ bá ti ń tajà, iná ti dé sàkáání ibẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Mushin l'Ékòó tó bá gbọ́ á rẹ́rìn-ín. Tiwa kò gba áàpù. Bí àwọn ọmọdé òpópónà kejì bá ti kígbe "Up NEPA!", a ti mọ ibi tí iná wà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àwa Yorùbá tó ń gbé Alief ní Houston ṣe fáàrí díẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà ní Súrúlérè kì í gbọ́kàn lé iná, ibi yòówù kó máa gbé. Kí ìjì tó dé ni omi ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì, tí tọ́ọ̀ṣì wà nítòsí, tí fóònù gbogbo ilé ti kún. Ilé la ti kọ́ ọ. Ẹ wo ilé kan ní Ìtírè ní aago méjì òru, tí fáànù ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò sẹ́ni tó jí ìyá ilé, òun fúnra rẹ̀ ti dìde. Ó tan ẹ̀rọ tó ń fa omi sí táǹkì, ó ki àwọn fóònù bọ ṣájà, ó tẹ́ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ sórí tábìlì, ó ń lọ̀ ọ́. Bí iná bá tún fi lọ ní aago mẹ́rin, kò ní ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkòkò ọbẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Wọ́n á gbé e kaná láàárọ̀ kó hó dáadáa, wọ́n á tún gbé e kaná lálẹ́, wọn ò sì ní dé e pa nígbà tó bá ń gbóná lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ti síbí ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́ yóò gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Fúríìjì wà ní igun ilé o, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọbẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí àwọn aláṣẹ máa ń sọ ni pé oúnjẹ inú fúríìjì tí a kò ṣí yóò dára fún wákàtí 4, tí fírísà tó kún yóò sì gbà tó wákàtí 48. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dà á nù. Àwọn ìyá wa tó ń gbé ní Houston dà á nù lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú wọn ò dùn sí i.

Fáàrí yẹn ní ibi tó mọ ṣá. Ìmúrasílẹ̀ Èkó, ti oníkálukú ni, owó ló sì ń ṣe é. Lítà epo bẹntiróò tí kò tó ₦200 kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ₦1,000 l'Ékòó nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 fi dé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 yẹn kan náà ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti bíi ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan, pẹ̀lú ìlérí wákàtí 20 lójúmọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, a gbọ́ ìròyìn pé iná gbogbo orílẹ̀-èdè dákú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àtẹni tó wà ní Band A, àtẹni tí kò sí níbẹ̀, òkùnkùn kan náà ló bò wọ́n.

Ẹni tó bá lọ́mọ lókè òkun lè ní sólà lórí òrùlé. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Ìdí-Orò, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ló ní, bó bá rówó epo. Èéfín ẹ̀rọ yẹn kò sì mọ ọlọ́rọ̀ yàtọ̀ sí tálákà. Nígbà tí òtútù dá iná Texas dúró ní oṣù Kejì ọdún 2021, ènìyàn 246 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà kà pé ó kú. Òtútù ló pa èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n èéfín wà lára ohun tó pa àwọn kan. Ìmọ̀ràn Amẹ́ríkà ni pé kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Ẹ dákun, ilé wo ní Mushin ló ní ẹsẹ̀ bàtà 20 láàárín òun àti ilé kejì? Bí o bá gbé e kúrò lábẹ́ fèrèsé tìrẹ, o ti gbé e sábẹ́ fèrèsé ẹlòmíràn. Ohun tó ṣeé ṣe níbẹ̀ ni kí a má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láéláé, kí a sì pa á ká tó sùn.

Ohun kan wà lókè òkun tí a kò ní nílé, kò sì gba owó. Ní Bìrìtìkó, àwọn tó ń pín iná ní ìwé tí wọ́n ń pè ní Priority Services Register. Arúgbó, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ láti mí, ẹni tí oògùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fúríìjì, ìyá ọmọ ọwọ́: ẹnikẹ́ni nínú wọn lè forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Texas ní irú rẹ̀, nọ́ńbà 211 la fi ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣèlérí pé ìrànwọ́ máa dé. Èmi náà kò sọ pé ìwé ń mú iná wá. Nígbà tí ìjì Arwen jà ní Bìrìtìkó lóṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn kan níbẹ̀ wà lókùnkùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ń sọ ilẹ̀kùn tó yẹ kí a kọ́kọ́ kàn.

Àwọn àdúgbò wa mọ̀wé kọ. CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tó lè kó owó jọ láti ra tiransífómà, tó ń san owó ọdẹ, ní orúkọ gbogbo onílé, pàápàá ti àwọn tí kò tíì san owó. Kí ló dé tí kò sí ojú ìwé kan fún bàbá tó ń dá gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí omi kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí iná bá ti lọ? Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: a kì í ta àìsàn ẹni fáyé gbọ́. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ orúkọ àìsàn síbẹ̀. "Fúríìjì" tàbí "ẹ̀rọ" ti tó, pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá. Kí wọ́n wá kọ orúkọ ilé mélòó kan tó ní sólà tàbí ìnífátà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí yóò gba oògùn mọ́ra tàbí jẹ́ kí bátìrì ẹ̀rọ náà gba iná lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi owó bátìrì ránṣẹ́ sáwọn òbí yín lóṣù yìí, ẹ fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pe alága CDA òpópónà wọn, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀rọ̀ ìwé yìí sí ìpàdé tó ń bọ̀.