Ẹ Má Lẹ Báàjì Ogun Mọ́ Jẹ́sì Super Eagles

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, Super Eagles kojú Sudan ní ìlú Garoua, ní àríwá Kamẹrúùnù, níbi ìdíje Ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Eré ò tíì gbóná tí Samuel Chukwueze, ọmọ Umuahia, fi ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin, gbá èkejì wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Bí wọ́n ṣe padà sórí pápá báyìí ni Moses Simon, tí wọ́n bí sí Jos, fi ẹ̀kẹta lé e. Góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan la fi nà wọ́n.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa. Lọ́dọọdún, àwọn aláṣẹ a gbé òdòdó sílẹ̀ níbi ìrántí ní Àbújá àti ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn a yìnbọn sókè, wọn a tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀, báàjì ìrántí a sì wà láyà agbádá àti kóòtù wọn. Látìgbà ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Garoua yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníbàárà mi, pàápàá bí ọdún bá ti ń parí lọ: kí ló dé tí wọn ò lè lẹ báàjì yẹn mọ́ jẹ́sì àwọn ọmọ wa? Ṣebí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo tiwọn. Ṣé sójà tiwa kì í ṣe èèyàn ni?

Iṣẹ́ jẹ́sì ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Mo ń tẹ orúkọ àti nọ́ńbà sí i lẹ́yìn, mo ń lẹ àmì ẹgbẹ́ mọ́ ọn láyà. Tí ẹ̀rọ bá ti gbóná dáadáa, tí mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, àmì ti mọ́ aṣọ nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣí i lẹ́yìn náà, àfi kí ojú àpá wà níbẹ̀. Jẹ́sì yàtọ̀ sí fìlà tí èèyàn lè fi abẹ́rẹ́ há báàjì mọ́, kó sì yọ ọ́ nígbà tó bá wù ú. Bí oníbàárà bá ní kí n lẹ báàjì ìrántí mọ́ tirẹ̀, màá lẹ̀ ẹ́, owó rẹ̀ ló fi ra aṣọ. Jẹ́sì orílẹ̀-èdè ni mo ń sọ, èyí tí agbábọ́ọ̀lù kò lè sọ pé òun ò wọ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mi ò mọ iyì ọmọ ogun. Sójà ló bí mi. Bàbá mi ja ogun abẹ́lé nínú ikọ̀ Third Marine Commando, lábẹ́ Benjamin Adékúnlé tí gbogbo ayé mọ̀ sí Black Scorpion. Ọta ìbọn ba itan rẹ̀ jẹ́, ó sì ń tiro títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bí oṣù Kìn-ín-ní bá ti wọlé, á ra báàjì lọ́wọ́ àwọn Lígíọ̀n, ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì, á fi há fìlà, á sì dé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ tó bá fẹ́ yà kí alájọgbélé wa, bàbá Ìgbò kan tó ń ta páàtì mọ́tò, ẹnu ọ̀nà ló ti máa kọ́kọ́ yọ báàjì náà, á pa abẹ́rẹ́ rẹ̀ dé, á tì í bọ àpò bùbá, kó tó kan ilẹ̀kùn. Tó bá jáde, á tún dá a padà sára fìlà. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní ebi ogun pa àbúrò ọkùnrin náà méjì, àwọn ọmọ tí kò gbé ìbọn rí láyé wọn. Ó ní báàjì òun ò gbọdọ̀ bá òun wọ yàrá ọkùnrin yẹn. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ra báàjì ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ó yẹ ká rántí bí ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ṣe di ọjọ́ ìrántí. Kò sí ará Mọ́kọ́lá tí kò mọ bárékè Letmauk. Bọ́mà ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn wá, níbi tí àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bá àwọn Japan jà nígbà ogun Hitler. Ìrántí àwọn wọ̀nyẹn bọ́ sí ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó wọn lọ. Lẹ́yìn ogun Biafra ni ìjọba wá gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, nítorí ọjọ́ yẹn ní 1970 ni Philip Effiong, tó ṣojú Biafra, wá sí bárékè Dodan l'Ékòó, tó túúbá fún Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun. Gowon sọ pé kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mo sì gbà pé ó ti ọkàn rẹ̀ wá. Síbẹ̀, ọjọ́ tí apá kan nínú wa kó ìbọn sílẹ̀ la mú ṣe ọjọ́ ìrántí fún gbogbo wa. Umuahia, ìlú Chukwueze, jẹ́ olú-ìlú Biafra títí àwọn sójà wa fi gbà á ní 1969.

Àwa ará Ìbàdàn pàápàá, ọjọ́ náà ò fúyẹ́ fún wa. Òru mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966 ni àwọn sójà tó dìtẹ̀ gbàjọba pa Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìyágankú níbí. Òru yẹn náà ni wọ́n pa Sardauna ní Kaduna, tí wọ́n sì gbé Tafawa Balewa lọ l'Ékòó tí kò padà wálé mọ́. Apá ibi yòówù kéèyàn ti wá ní Nàìjíríà, ọjọ́ yẹn ní ẹni tó mú lọ nílé wọn.

Ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn oníbàárà mi ń tọ́ka sí, ọ̀rọ̀ wọn ò dán tó bí a ṣe rò ó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 2016, nígbà tí England àti Scotland pàdé ní Wembley, apá ni wọ́n so òdòdó pupa ìrántí wọn mọ́, lára aṣọ dúdú. FIFA tún bu owó ìtanràn lé wọn, England 45,000 owó Switzerland, Scotland 20,000, nítorí òfin kò fàyè gba àmì òṣèlú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó dẹ òfin náà, pé èèyàn lè ṣe ìrántí, àmọ́ kí wọ́n ro ti ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń gbá a mọ́ ọn.

Ohun tó ká mi lára jù ni ti agbábọ́ọ̀lù James McClean. Derry ní Northern Ireland ni wọ́n bí i sí, ìlú tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn pa àwọn ará ìlú tó ń wọ́de ní oṣù Kìn-ín-ní 1972. Ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ní England lẹ òdòdó pupa mọ́ jẹ́sì, òun ní òun ò lè wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èrò ìwòran fi ń hó lé e lórí, tí wọ́n ń bú u. Nemanja Matić, ọmọ Serbia, náà kọ̀ ọ́ ní Manchester United ní 2018, nítorí bọ́ǹbù tí NATO jù sí abúlé rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn méjèèjì kò bú òkú ẹnikẹ́ni, òkú tiwọn ni wọ́n rántí. Àmọ́ nígbà tí àmì bá ti di dandan, ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ di ọ̀tá. Mi ò fẹ́ rí ọjọ́ tí wọ́n máa bi ọmọ Nsukka tàbí ọmọ Aba nínú Super Eagles pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ ò dùn sí báàjì àyà rẹ̀.

Jẹ́sì yẹn ti ṣe fún wa ohun tí ọ̀pọ̀ òfin ò lè ṣe. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn ogun, a na Algeria ní mẹ́ta sí òdo ní Sùúrùlérè. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan, ọmọ Shooting Stars Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó gba Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́wọ́ Ààrẹ Ṣàgàrí ni Christian Chukwu, balógun ikọ̀, ọmọ Rangers Enugu, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún tí ogun parí gan-an. Ìyá mi máa ń sọ pé ìdí rédíò kan náà ni bàbá mi àti bàbá oní páàtì jókòó sí lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń na ọwọ́ ara wọn bí ọmọdé. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ní láti yọ kó tó wọlé.

Ẹnìkan á ní àwọn ọmọ ogun tó ń kú ní Borno ńkọ́, àwọn tí wọ́n pa ní Metele ní oṣù Kọkànlá 2018? Inú ẹ̀yà gbogbo ni wọ́n ti wá, kò sì ní dáa ká máa gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni pé wọn ò sí. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé wọn. Kí àwọn agbábọ́ọ̀lù so aṣọ dúdú lásán mọ́ apá, láìsí àmì kankan lára rẹ̀. Kí gbogbo pápá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá wà nílé, kí wọ́n fi àwọn opó sójà àti ọmọ wọn jókòó síbi tó dáa láìgba kọ́bọ̀, kí owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà sì lọ sápò wọn. Àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì ti jókòó síwájú iléeṣẹ́ ìṣúná ní Àbújá láti béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Báàjì láyà Osimhen ò ní san owó yẹn.

Aṣọ dúdú gba àwọn tó kú ní Metele, ó gba àwọn tí wọ́n sin sí Bọ́mà, ó sì gba àbúrò méjì tí ebi pa. Chukwueze lè so ó, Awoniyi lè so ó, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè ọ̀dọ̀ ta ni ìdílé wọn wà nígbà ogun. Kí àjọ NFF bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Eagles bá tún ní nínú oṣù Kìn-ín-ní. Bó bá jẹ́ ti Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ni, kí wọ́n tètè kọ̀wé sí CAF láti gba àyè kí wọ́n tó gbéra nílé.