Baba Tí Ó Wà Ní Sàréè Kò Bèèrè Ọtí

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ kan ń lọ lábẹ́lẹ̀ ní àdúgbò wa tí a kò lè fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀ mọ́. Ní Apẹtẹ níbí, láti orí afárá títí wọ inú lọ́hùn-ún, nínú àwọn ilé tí àwọn ọmọ Pólì ti ń gba yàrá, àwọn ọmọ tí wọ́n ń jẹ́ Sùlèmáńà àti Ràfíátù ti ń tẹ́ aṣọ funfun sí igun yàrá. Wọn a gbé ife omi lé e, wọn a tan àbẹ́là, wọn a gbé fọ́tò baba tàbí ìyá wọn tí ó ti kú sí àárín rẹ̀, wọn a ta jíìnì sílẹ̀, wọn a pa obì, wọn a wá máa bá fọ́tò sọ̀rọ̀: Baba, ẹ là mí lọ́nà, Ìyá, ẹ bá mi ti ọ̀tá sẹ́yìn. Orí fóònù ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ ọ. Olùkọ́ tí wọn kò fi ojú rí rí ni ó ń sọ iye ife omi tí wọn yóò gbé kalẹ̀ fún wọn àti ọjọ́ tí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é tán, wọn a ṣe àlùwàlá, wọn a kí ìrun wọn, wọn a sùn.

Bí a bá ní kí wọ́n jáwọ́, èsì ti wà lẹ́nu wọn: ẹ̀yin ààfáà, ẹ̀sìn Lárúbáwá ni ẹ ń ṣe, ẹ fẹ́ kí á gbàgbé baba tí ó bí wa. Èsì yìí ni a fẹ́ dáhùn lónìí.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò bá ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé oníṣẹ̀ṣe ni òun jà. Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ni àwọn oníṣẹ̀ṣe ń ṣe ọjọ́ tiwọn lọ́dọọdún, wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i. Nígbà tí awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní Ìlọrin lọ́dún 2023, ohun tí a sọ fún àwọn ọmọ kéwú wa náà ni a tún ń sọ yìí: Alùkùránì fúnra rẹ̀, nínú Súrátùl-Bàkárà ẹsẹ 256, ti yọ ipá kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ẹni tí à ń bá wí ni ọmọ Mùsùlùmí tí ó fi ẹsẹ̀ kan sí mọ́ṣáláṣí, tí ó fi ẹsẹ̀ kejì sí ìdí ife omi, tí ó tún ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Wọ́n ní àṣà àwọn baba ńlá wa ni. Ta ni ó sọ fún wọn? A kò bí wa sí ẹ̀yìn ilé, a mọ ohun tí àwọn baba wa ń ṣe. Ní Ìbàdàn yìí, egúngún ní ilé, ó ní ẹbí. Olóòlù ní agbolé tirẹ̀, Alápáńsánpá ní tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè dá gbé e lọ sí yàrá tí ó háyà. Ẹni tí ó fẹ́ bá òkú baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ láyé ìgbà náà, ojú oórì ni ó ń lọ, nínú ilé tí wọ́n sin òkú náà sí. Àgbà ilé ni yóò mú obì àti omi tútù dání, ẹbí ni yóò dúró yí i ká, tí wọn yóò máa ṣe àṣẹ. Ẹni tí ó bá ń bá àbúrò rẹ̀ jà yóò dé ibẹ̀, yóò bá àbúrò rẹ̀ níbẹ̀. A kò sọ èyí láti fi yin ẹbọ. Ẹbọ ni ẹbọ ń jẹ́. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé bí àwọn baba ńlá tí ọmọ yìí ń pè bá lè rí i níbi tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí ó ń fi fóònù wo iye ife tí ó kù, ẹ̀rín ni wọn yóò fi í rín.

Níbo wá ni tábìlì aláṣọ funfun àti ife omi yìí ti wá? Ẹ fara balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ọkùnrin ará Faransé kan wà tí a ń pè ní Allan Kardec. Wọ́n bí i lọ́dún 1804, ó kú lọ́dún 1869. Olùkọ́ ilé ìwé ni, bí àwa náà. Ní ọdún 1857 ó gbé ìwé kan jáde lórí bí alààyè ṣe lè máa bá ẹ̀mí òkú sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ré òkun kọjá, ó dé erékùṣù Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ wà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí. Ní Kúbà yẹn ni wọ́n ti da ẹ̀kọ́ òyìnbó yìí pọ̀ mọ́ ti òrìṣà, tí àwọn tí ń tẹ̀lé Kardec sì ń to ife omi sórí aṣọ funfun, tí wọ́n ń gbé fọ́tò òkú àti àgbélébùú tì í. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbélébùú! Lẹ́yìn ọdún 1959, nígbà tí ìjọba Kúbà yí padà, ọ̀pọ̀ wọn kó lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n gbé e lọ́wọ́ lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ tí wọ́n ń wá orísun wọn kọ́ òrìṣà lọ́dọ̀ wọn. Ọdún 1970 ni àwọn kan nínú wọn tẹ abúlé Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina. Láti ọ̀dọ̀ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni tábìlì aláṣọ funfun náà ti gun orí fóònù, tí ó wá padà dé Apẹtẹ. Ọmọ Ìbàdàn tí ó ní òun ń sá fún ẹ̀sìn Lárúbáwá, ẹ̀kọ́ ará Faransé ni ó gbé sí igun yàrá, tí ó ń pè é ní ìṣẹ̀ṣe.

A kò bú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Wọ́n já wọn gbà lọ́wọ́ baba wọn, wọn kò mọ sàréè tí wọn yóò dúró tì, ohun tí ọwọ́ wọn bà ni wọ́n dì mú. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o mọ ibi tí wọ́n sin baba rẹ sí, tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbé ọ débẹ̀, kí ni ìwọ ń fi fọ́tò ṣe?

Ká tilẹ̀ ní ojúlówó àṣà Yorùbá ni, ọ̀rọ̀ kò tíì tán fún Mùsùlùmí. Súrátùl-Bàkárà ẹsẹ 170 sọ fún wa nípa àwọn tí a pè síbi ohun tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ní ohun tí àwọn bá lọ́wọ́ baba àwọn ni àwọn yóò máa tẹ̀lé. Súrátù Zumar ẹsẹ 3 sì mẹ́nu ba àwọn tí wọ́n ní àwọn kò sin àwọn alágbàwí wọn fún ohun mìíràn bí kò ṣe kí wọ́n lè mú àwọn súnmọ́ Ọlọ́hun. Ẹ gbọ́ àwáwí yẹn dáadáa, nítorí òun náà ni ọmọ Apẹtẹ ń sọ. Nínú Súrátù Fátírì, ẹsẹ 14 àti 22, Ọlọ́hun là á mọ́lẹ̀ pé àwọn tí à ń ké pè lẹ́yìn Rẹ̀ kò gbọ́ ìpè wa, bí wọ́n tilẹ̀ gbọ́ wọn kò lè jẹ́ wa lóhùn, àti pé Ànábì pàápàá kò lè mú kí ẹni tí ó wà nínú sàréè gbọ́.

Ẹnìkan yóò ní: ṣebí ẹ̀yin náà máa ń sálámà sí àwọn òkú bí ẹ bá dé itẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, Ànábì kọ́ wa bẹ́ẹ̀. A ń kí wọn, a sì ń tọrọ fún wọn. A kì í tọrọ lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀nà ti yà. Òkú ni ó ń wo ọwọ́ wa, àwa kọ́ ni à ń wo ọwọ́ òkú. Hádíìsì tí Mùsìlímù gbà wá sọ pé bí ọmọ Ádámà bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró àyàfi ohun mẹ́ta: sàráà tí àǹfààní rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn ń jẹ àǹfààní rẹ̀, àti ọmọ rere tí ó ń ṣe àdúà fún un. Ẹni tí ó ń retí àdúà lẹ́nu ọmọ rẹ̀, òun náà ni ọmọ yìí ń bẹ̀ pé kí ó wá ti ọ̀tá sẹ́yìn.

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ tọ̀ wá wá lórí ọ̀rọ̀ yìí. A kò ní sọ ju bí ó ti yẹ lọ. Baba ọmọ náà ti kú, ó jẹ ìyá àgbàlagbà kan tí ń ta èlùbọ́ ní owó, oṣooṣù ni ìyá elélùbọ́ sì ń wá sẹ́nu ọ̀nà opó, tí yóò jókòó, tí kò ní pariwo, tí yóò sì dìde lọ. Ọmọ mọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọ ra jíìnì, ó ra àbẹ́là, ó sì fi owó ránṣẹ́ sí olùkọ́ orí fóònù láti kọ́ bí yóò ṣe mú inú baba rẹ̀ dùn! Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, owó náà súnmọ́ ìdajì gbèsè ìyá elélùbọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà ayé Ànábì. Wọ́n gbé òkú kan wá kí ó kírun sí i lára, ó bèèrè bóyá ó jẹ gbèsè, wọ́n ní dínárì 2. Ànábì fà sẹ́yìn. Abú Kàtádà ní òun gbà á sọ́rùn, ìgbà náà ni ó tó kírun sí i lára. Nígbà tí ó tún rí Abú Kàtádà, ọ̀rọ̀ owó náà ni ó bi í. Ìgbà tí Abú Kàtádà ní òun ti san án ni Ànábì tó sọ pé ara òkú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tutù. Omi tútù inú ife kò dé sàréè. Owó ìyá elélùbọ́ dé ibẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ní Ìsìláàmù fẹ́ kí a gbàgbé baba wa kò tíì gbọ́ ìtàn Abdullahi ọmọ Ùmárù. Ó ń lọ sí Mẹ́kà, ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó fi ń sinmi bí ràkúnmí bá sú u, ó wé láwàní sórí. Ó pàdé ará oko kan lójú ọ̀nà. Ó kí i, ó gbé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún un, ó tú láwàní orí rẹ̀, ó fi fún un. Ẹnu ya àwọn tí wọ́n jọ ń lọ. Wọ́n ní ará oko ni, ohun díẹ̀ ni ì bá tó o. Abdullahi ní ọ̀rẹ́ baba òun ni baba ọkùnrin náà, òun sì ti gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé nínú ohun tí ó ga jù nínú ṣíṣe dáadáa sí òbí ni kí ọmọ máa so okùn ọ̀rẹ́ baba rẹ̀ pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìyẹn: ọ̀rẹ́ kọ́ o, ọmọ ọ̀rẹ́ ni. Sáàdù ọmọ Ubádà ńkọ́? Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò sí nílé; nígbà tí Ànábì sọ fún un pé sàráà tí ó bá ṣe yóò ṣe ìyá rẹ̀ láǹfààní, odidi ọgbà ni ó fi ṣe sàráà.

Àwọn ọmọ kan tún ń bi wá ní ìbéèrè tí ó wúwo ju èyí lọ: bàbá bàbá wa ńkọ́, tí ó jẹ́ eléégún, tí kò gba Ìsìláàmù kí ó tó kú? Ṣé kí á máa bú u ni? Rárá o. Nínú Súrátù Tọ́ọ̀há, ẹsẹ 51 àti 52, Firiaónà bi Ànábì Músá nípa àwọn ìran tí ó ti kọjá lọ, Ànábì Músá sì fi ìmọ̀ nípa wọn sílẹ̀ fún Olúwa rẹ̀. Ibi tí Músá dúró sí ni kí a dúró sí. Ẹ ka oríkì ilé yín, ẹ mọ orúkọ wọn, ẹ mọ oko tí wọ́n dá. Oríkì kì í ṣe ẹbọ bí a kò bá fi bẹ òkú ní nǹkan.

Ẹnu wa kò ní mọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́ nìkan. Ta ni ó ṣí ilẹ̀kùn yìí? Ìyá kan yóò mú ọmọ tí kò yege ìdánwò lọ sọ́dọ̀ àwọn kan tí wọ́n wé láwàní. Wọn yóò tẹ yanrìn, wọn yóò ní òkú kan ń bínú ní ìdílé baba rẹ̀, wọn yóò dárúkọ àgbò àti ẹyẹlé. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àgbò tí a pa kí òkú má bínú àti jíìnì tí ọmọ ta sílẹ̀? Bí a bá pa ẹran nítorí Ọlọ́hun, tí a fi bọ́ aláìní, tí a sì tọrọ kí Ó kọ láádá rẹ̀ fún òkú, sàráà ni. Bí a bá pa á láti fi tu òkú lójú, Lárúbáwá tí a ka sí i kò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Nígbà tí àgbàrá 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 gbé afárá Apẹtẹ lọ, àwọn kan ní àwọn àgbà ìṣáájú ni wọ́n ń bínú. Òjò ńlá ni, àti pàǹtírí tí àwa alààyè dà dí ojú omi. Ìbínú òkú rọrùn ún pè ju ṣọ́bìrì lọ.

Ẹni tí ó bá sì rí baba rẹ̀ lójú àlá, kí ó má sáré ra àbẹ́là. Ànábì ti sọ pé oríṣi mẹ́ta ni àlá: èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun wá, èyí tí Ṣàítánì fi ń ba ènìyàn lọ́kàn jẹ́, àti èyí tí ọkàn ènìyàn ń rò lójúmọmọ. Kí ó tọrọ àforíjì fún baba rẹ̀, kí ó sì padà sùn.

Ife tí ó wà ní igun yàrá yẹn, omi lásán ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ dà á sí ìdí ewébẹ̀. Bí ọjọ́ Sátidé bá dé, ẹ wọkọ̀ lọ sílé. Ẹ bi ìyá yín pé ta ni baba yín jẹ ní gbèsè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo ni ó ṣẹ́kù láyé, àbúrò rẹ̀ wo ni kò tíì fi ojú kàn yín láti ìgbà tí ẹ ti ṣe fìdáù rẹ̀. Ẹ mú bírò dání, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.