Ẹ Pa Mọ́tò Yín Lẹ́nu Géètì Ilé-ìwé

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé ní Edjeba níbí, ẹ wo ẹnu géètì. Mọ́tò àwọn òbí á tò, kẹ̀kẹ́ NAPEP á há sáàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó máa pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan á ní ooru ń mú òun, èkejì á ní òun ò ní pẹ́ lọ. Àwọn ọmọ á wá máa gba ìdí mọ́tò kọjá, imú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju páìpù èéfín lọ.

Nígbà tí ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀, a ó ní omi dídì ló fà á, tàbí ọyẹ́, tàbí ọwọ́ ayé. A ó gbé ọmọ wá síwájú ìjọ fún àdúrà. Àdúrà dára o. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbàdúrà kí iná kú, tó tún ń da epo sí i?

Èéfín dúdú tí ojú ń rí nìkan kọ́ ló ń jáde nídìí mọ́tò. Eruku kan wà nínú rẹ̀ tí kò ju ìdá kan nínú ogún ìnípọn irun orí lọ. Irun imú kò lè dá a dúró. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà. Ọmọdé sì ń mí lemọ́lemọ́ ju àgbà lọ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Èéfín yìí ló ń ru ikọ́ fée, tí àwọn dókítà ń pè ní asthma, sókè.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó gbọ́ ti Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún 9 ní Lewisham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé wọn kò jìnnà sí títì South Circular, tí mọ́tò kì í dá níbẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 30 tí wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 2013. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin lọ́wọ́ nínú ikú náà, àti pé èéfín mọ́tò ni olórí ohun tó bà á jẹ́. Ó tún sọ pé wọn kò la ìyá ọmọ náà lọ́yẹ̀ nípa ewu yìí. Ìyá Ella kò gbọ́. Àwa ti gbọ́ báyìí. Kí la fẹ́ wí?

Nílé níbí náà, Báńkì Àgbáyé ṣírò pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin pa nǹkan bí ènìyàn 11,200 ní Èkó lọ́dún 2018, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Warri kò tó Èkó, lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú mọ́tò tòkunbọ̀ kan náà la ń wà.

Àwọn kan á ní, "Ẹ fi wá sílẹ̀ jàre. Rìfáínárì Ekpan ń kọ́? Iná gáàsì tó ń jó tọ̀sán-tòru ní Delta ń kọ́? Ẹ lé akátá lọ ná, kí ẹ tó bá adìẹ wí." Òótọ́ ni, akátá wà níta. Ká bi ìjọba náà léèrè: láti ọdún 2011 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí èéfín mọ́tò ti wà. Ṣùgbọ́n rìfáínárì kò sí lábẹ́ àṣẹ wa. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí kò lè pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹnu wo ló fẹ́ fi bá ilé-iṣẹ́ epo wí?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá dé ilé-ìwé, ẹ pa mọ́tò. Ẹ páàkì síwájú díẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ mú ọmọ dé géètì. Ẹ̀yin alàgbà, bọ́ọ̀sì ìjọ tó ń rú èéfín nígbà tí àwọn ọmọ Sunday School ń wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe ká tó ra àga tuntun. Ọmọ tó bá sì ń wúkọ́ lóru, tí àyà rẹ̀ ń dún fíì, ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo nìkan.

Ọlọ́run ló mí èémí sí ihò imú ènìyàn. Kò rán ẹnikẹ́ni nínú wa pé kó fi èéfín dí i.